Ẹ Má Fi Ìyá Àgbà Sílẹ̀ Nísàlẹ̀: Bí Ìdílé Ṣe Lè Múra Ìrìn Ọjọ́ Kan Lọ Sórí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ìyá ilé, ó dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ dé, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ lọ gun òkè Ìdànrè. Bàbá wọn ní kò burú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́: àwọn ọmọkùnrin yóò gun òkè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin lè tẹ̀ lé wọn bí ó bá yára múra, Màmá yóò dúró nísàlẹ̀ ti ọmọ ọwọ́, Ìyá Àgbà yóò sì jókòó nínú ọkọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò sọ̀kalẹ̀ wá, wọn yóò sì máa fi àwòrán orí òkè han ìyá wọn, òkè tí obìnrin náà ti fi gbogbo ọjọ́ wò láti ojú fèrèsé ọkọ̀!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Orí òkè Ìdànrè kì í ṣe ibi tí ọ̀dọ́kùnrin nìkan ti ń fi agbára hàn. Ìlú ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé lókè yẹn, kò sì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, níbi tí Òdòdé, Aládé àti Ìrówò wà lónìí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lókè, àwọn obìnrin ń lóyún níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀, àwọn arúgbó sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ láti ilé kan dé èkejì. Bí òkè bá gba ìyá àgbà ayé ìgbà náà, kí ló dé tí kò ní gba tiyín?

Ohun tó ń mú kí a fi àwọn ìyá sílẹ̀ kì í ṣe òkè rárá, ìkánjú ni. Wọ́n pẹ́ kúrò nílé, wọ́n dé ìdí òkè nígbà tí oòrùn ti mú, gbogbo wọn wá ń sáré kí ilẹ̀ má baà ṣú. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni a kọ́kọ́ máa ń dá padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ilé jọ débẹ̀ kí wọ́n sì jọ padà, nǹkan méjì ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín. Èkíní, ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni kí gbogbo yín máa tẹ̀ lé. Èkejì, kí ẹ ti fẹnu kò láti ilé lórí aago tí ẹ óò yíjú padà, ibi yòówù kí ẹ dé. Gbogbo ohun tí a óò sọ síwájú, orí méjèèjì yìí ni yóò máa padà sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ òkè náà. Ìdànrè kò ju nǹkan bí máìlì 15 lọ sí Àkúrẹ́, lápá gúúsù. Àpáta ńláńlá ló yí ìlú ká, igbó sì dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Oko kòkó ló kún agbègbè náà, nítorí Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn àpáta tó ga jù níbẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Ní 2007 ni ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ òkè yìí ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO, pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò láti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé, irú èyí tí wọ́n ti ṣe fún Sukur ní 1999 àti fún igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005.

Láti ìdí òkè, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gòkè. Ìpele rẹ̀ lé ní 600. Iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń kà kì í bára mu, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kà á, wọn kò ní ráyè ṣàròyé. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn ni ẹ óò rìn wọ ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá wà, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń mú àlejò káàkiri a máa sọ pé 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára àpáta, wọn yóò sì sọ ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn, pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá a mu, ìbáà ṣe ọmọdé ìbáà ṣe àgbà. Ìtàn ni, ẹ gbọ́ ọ bí ìtàn.

Àwọn tí kò tíì débẹ̀ rí a máa bi wá pé: báwo ni 600 ìpele ṣe pọ̀ tó? Bí a bá fi ìpele kọ̀ọ̀kan sí ínǹṣì 6 péré, 600 rẹ̀ yóò jẹ́ 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ rántí Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní 1965, tó ní àjà 26. Gíga rẹ̀ kò ju 350 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tán, bí ẹni pé ó fẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ilé ńlá yẹn ni, láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè. Owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ Cocoa House, a kò lè ṣe kí á má rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ má fojú tínrín rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, kí gbogbo ẹni tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 20 tó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi gígun àtẹ̀gùn kún un, ẹ máa gòkè kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Bí ilé yín kò bá ní àtẹ̀gùn, ilé ọ̀rẹ́ yín kò ní ṣàìní. Ìyá Àgbà náà yóò bá yín ṣe é, díẹ̀díẹ̀, kí ó di irin mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni ẹ óò ti mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tí èémí rẹ̀ ń há, àti ẹni tó kàn ń ṣe ọ̀lẹ. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé ju kí ẹ mọ̀ ọ́n ní ìpele 400.

Àwọn kan wà tó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti aláboyún. A kò sọ pé kí wọ́n má lọ o. A ní kí wọ́n béèrè. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní SS, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba ìṣọ́ra gidigidi, nítorí pé òùngbẹ, àárẹ̀ àjùlọ àti òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Bí dókítà bá gbà fún un, kí omi rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ó máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sáré ìje. Bí dókítà bá sì ní rárá, ẹ má tìtorí pé ọmọ ń sunkún kí ẹ mú un lọ. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi jẹ ìgbádùn ọjọ́ náà, kí ẹni tó fẹ́ràn jù nínú ilé sì dúró tì í, kí ó má baà dà bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Nígbà wo ló dára jù láti lọ? Bí ẹ bá bi wá, a óò ní láti àárín oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Òjò ti ń dá, igbó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ kò sì tíì gbé erùpẹ̀ rẹ̀ dé láti bo ojú ọ̀run. Ẹni tó bá gun òkè nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an lè dé orí rẹ̀ kí ó má rí ju ìkùukùu funfun lọ, ètè rẹ̀ yóò sì gbẹ lásán. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi oṣù Kejìlá nìkan ni àwọn ọmọ ń ráyè, kò burú, ẹ tètè lọ kí ọyẹ́ tó rinlẹ̀. Àkókò òjò ni a kò fẹ́ kí ẹ mú ọmọdé lọ. Àpáta tí omi òjò bá ti rin máa ń yọ̀ bí ilá, èéhù tó ń hù lára rẹ̀ sì ń dá kún un. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, ìjì òjò fẹ́ràn láti dé lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́, àti mànàmáná pẹ̀lú. Bí ẹ bá wà lókè tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 1. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ó ti súnmọ́ yín jù, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì dúró lórí àpáta tó tẹ́jú gbalaja.

Ẹ má fi í sí ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ̀yin ọkùnrin má baà máa wo aago ní gbogbo ìgbà. Ẹ má sì gùn ún pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún ni kí ẹ lọ. Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í bèèrè: àwọn onílẹ̀ ní ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ wọn, àwọn ibì kan sì wà lókè náà tí wọn kì í fẹ́ kí àlejò wọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá sọ. Àlejò ni ẹ jẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ aago, èyí tí a kà sí pàtàkì jù. Ní 1892, ọkùnrin ará Scotland kan, William Naismith, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò títí di òní. Ó ní kí èèyàn ka wákàtí 1 fún máìlì 3 tí yóò rìn, kí ó sì fi wákàtí 1 mìíràn kún un fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí yóò gùn. Ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n ọkùnrin alágbára tí kò dúró sinmi ni ó fi ṣe é. Kò ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ tọ̀, tàbí ìyá tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú. Fún ìdílé, ẹ sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì tún fi àkókò ìsinmi àti oúnjẹ lé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ìyá àgbà tó lé díẹ̀ ní 60 ọdún, ọmọ mẹ́rin àti àbúrò ìyá wọn kan. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò ti Ìbàdàn lọ, kí àwọn gun òkè, kí àwọn sì padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, ètò náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbéra, nítorí Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ tó nǹkan bí máìlì 120, Èkó sì tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sùn sí Àkúrẹ́ tàbí sí Ìdànrè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ní ẹbí ní Àkúrẹ́, ẹ wo bí ó ti dára tó láti lọ kí wọn! Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kírun Àsùbáà, kí wọ́n jẹ ohun tó gbé inú dúró díẹ̀, kí wọ́n gbéra ní aago 7. Ní aago 8 wọ́n ti wà ní ìdí òkè, wọ́n ti san owó ìwọlé, wọ́n sì ti bá afinimọ̀nà sọ iye tí wọn yóò fún un. (Ẹ ti ìjẹta béèrè aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì gbọ́ iye owó lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀.) Bí wọ́n bá fi wákàtí kan àti ààbọ̀ gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi márààrún, kò ní ju aago 9 ààbọ̀ sí aago 10 lọ tí wọn yóò fi wà lókè. Wọ́n ní wákàtí méjì láti rìn yí ìlú àtijọ́ ká, láti jẹun, láti wo igbó àti àpáta tó tò lọ rẹrẹ.

Bí aago 12 bá ti lù, kí wọ́n yíjú padà. Àní bí ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n dé ibi kan tí wọ́n ń fẹ́ dé. A mọ̀ pé ibí yìí ni awuyewuye yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé yóò ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 15 péré." Kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé àná ni a ti parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí tí a fi ń sọ pé kí ẹ ti ilé fẹnu kò nìyẹn, nítorí pé lókè, ojú èèyàn a máa fẹ́ síwájú, ara a sì máa tan ni jẹ.

Kí ni ìyára náà wà fún, nígbà tí ilẹ̀ kì í ṣú lọ́sàn-án? Ní oṣù Kọkànlá, nǹkan bí aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15 ni oòrùn ń wọ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́. Ní oṣù Keje ó tó nǹkan bí aago 7. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi, òkùnkùn ti ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́ ní aago 1, ẹ ní wákàtí márùn-ún ìmọ́lẹ̀ láti fi gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá rọ́ ní aago 5, òkùnkùn yóò bá yín lójú àtẹ̀gùn ti ẹ̀yin ti ọmọ kéékèèké. Wákàtí márùn-ún yẹn ni ẹ fi aago 12 rà. Ẹni tó bá sì yíjú padà ní aago 12, nǹkan bí aago 1 ààbọ̀ ni yóò dé ìsàlẹ̀, níbi tí omi wà, tí yóò ṣe àlùwàlá, tí yóò sì kírun Àìlà pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹ gbé bútà yín sínú ọkọ̀.

Àwọn kan yóò fẹ́ kọjá ìlú àtijọ́ lọ sí òkè Orósùn. Èrò tiwa ni pé ìyẹn kì í ṣe ti ìdílé tó kó ọmọdé lẹ́yìn. Kò sí àtẹ̀gùn tó mú ni débẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ gba inú igbó àti ojú àpáta, ó sì fẹ́ afinimọ̀nà tó mọ̀ ọ́n dunjú. Bí àwọn àgbà ọmọ bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n mú ọjọ́ mìíràn fún un. Ẹ má pín ìdílé yín sí méjì lórí òkè, kí apá kan má máa dúró de èkejì láìmọ ìgbà tí yóò dé.

Nípa aṣọ, ẹ̀yin obìnrin, a mọ ohun tí ẹ ń rò. Kò sí ìdí kankan tí ẹ óò fi bọ́ ìborùn yín sílẹ̀ nítorí òkè. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni aṣọ tó gùn kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tí ẹ óò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gùn, àti ìró tó há dé orúnkún tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbé sókè. Ẹ wọ ẹ̀wù tó fẹ̀, tó dúró lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ òwú ni ó dára, nítorí ó ń gba atẹ́gùn. Ìborùn náà, ẹ fi píìnì mú un lábẹ́ àgbọ̀n àti léjìká, nítorí pé atẹ́gùn òkè le, ó sì lè gbé e bo ojú yín ní ibi tí ẹ ti ń wo ẹsẹ̀. Ní ti bàtà, ẹ jọ̀wọ́, sílípáàsì kọ́ o! Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí gbogbo yín wọ̀, èyí tí ẹ ti wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bàtà tuntun yóò bó yín lẹ́sẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ lè pọn ọmọ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kí ọ̀já rẹ̀ jẹ́ méjì, kí àgbàlagbà kan máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè, kí ó sì bọ́ síwájú rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ọmọ náà ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Bàbá ọmọ náà lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó sọ pé ọkùnrin kò lè pọn ọmọ.

Ẹrù kò gbọdọ̀ pọ̀. Omi ló ṣáájú ohun gbogbo: ẹ ka ìdajì lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ óò fi rìn, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀yìn gbogbo ẹni tó lè gbé e, má ṣe di í ru ẹnì kan. Bí ooru bá mú ẹnì kan tó ń làágùn púpọ̀, omi iyọ̀ òun ṣúgà tí ẹ̀yin ìyá mọ̀ dáadáa yóò ràn án lọ́wọ́: ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, nínú lítà 1 omi mímọ́, kí ẹ má bu ṣíbí náà kún gegere. Ní ti oúnjẹ, ẹyin sísè, búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, dàbínù àti ọsàn. A mọ̀ pé ọwọ́ yín yóò máa yún yín láti se ìrẹsì àti ẹran díndín. Ẹ se é, ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ óò jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Kí báńdéèjì díẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kan tí kì í ṣe ti fóònù, àti oògùn ẹni tó ń lo oògùn wà nínú àpò Màmá. Fóònù kì í fìgbà gbogbo gbà láàárín àpáta. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹnì kan tó kù ní ìlú pé aago 2 ni ẹ óò pè é, àti pé bí ó bá di aago 4 tí kò gbúròó yín, kí ó lọ bá àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà òkè.

Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, Ìyá Àgbà ni kí ó wà níwájú, afinimọ̀nà nìkan ni kí ó ṣáájú rẹ̀. Àṣà wa ni pé a máa ń fi arúgbó sẹ́yìn, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sáré lọ síwájú, wọn yóò jókòó dè é. Bí ó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú èémí fẹ̀fẹ̀, wọn yóò dìde pé ó yá. Àwọn ti sinmi, òun kò sinmi rárá! Bí ó bá wà níwájú, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo yín yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tí ara rẹ̀ le jù nínú ilé ni kí ó wà lẹ́yìn pátápátá, kí ó máa ka orí. Ìwọ̀n tó dára ni pé kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń gùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já sí méjì lẹ́nu ẹnì kan, ẹ dúró.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ti ọwọ́ bọ ihò àpáta, nítorí ejò àti àkeekèé ń gbé ibẹ̀. Kí wọ́n má sọ òkò, kí wọ́n má sì dáná. Oyin fẹ́ràn àpáta, kì í sì í fẹ́ èéfín. Bí wọ́n bá rí àbàwọ́n funfun lára àpáta, ìtọ̀ ẹranko kékeré kan ni, ìbátan ọ̀fàfà, tí kò ní ìrù. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì tún wà tí a kò tíì rí níbòmíràn ju Ìdànrè lọ. Arne Schiøtz, onímọ̀ ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan kò rí i mọ́, àfi ní 2013 tí wọ́n tún rí i. Ojú àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe àlùwàlá lókè, ẹ bu omi lọ́tọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ohunkóhun lójú ìṣàn, ẹ má sì fi ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀. Omi Àpáàrá tí wọ́n ń pè ní omi àrá wà lókè náà, ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà fi hàn yín.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹ óò fi ọgbọ́n ṣe jù. Àwọn èèyàn rò pé gígùn ló le, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ ni orúnkún ń gbọ̀n, ọkàn ti lọ sọ́dọ̀ ìrẹsì, ẹsẹ̀ a wá yọ̀. Kí Ìyá Àgbà di irin mú, kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí orúnkún bá ń dùn ún, kí ẹnì kan sì wà níwájú rẹ̀ ní ìpele kan sísàlẹ̀. Kí ọmọ kankan má fò.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ ka orí, ẹ pe ẹni tó ń retí yín lórí fóònù, ẹ kírun, kí ẹ tó tú abọ́ oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ àkókò kòkó ni, ẹ óò rí i tí wọ́n sá a káàkiri ní ìlú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí wọn kò mọ̀ ju tíì kòkó inú agolo lọ sọ̀kalẹ̀ wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí dírẹ́bà má fi oorun wa ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, itan gbogbo yín yóò máa ro yín, pàápàá nígbà tí ẹ bá fẹ́ jókòó. Omi gbígbóná àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí Ìyá Àgbà bá béèrè, nígbà tí ẹ ṣì ń fi aṣọ gbígbóná jó itan, pé òkè wo ló tún kù.